Ta ló tẹ bíréèkì yẹn: ojú mi, ọpọlọ mi, àbí èmi fúnra mi?

Ọmọ_ÒkèBáálẹ̀:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀kadà ni mò ń gùn ní Òṣogbo níbí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ọpọlọ dá mi lóhùn torí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà ní páàkì wa. Lọ́jọ́ kan mò ń bọ̀ lábẹ́ bíríìjì Ọlàìyá, ilẹ̀ ti ń ṣú, ni ọmọ kékeré kan tó gbé píọ́ wọ́tà lérí bá já wọ títì lójijì. Kí n tó mọ̀ pé ọmọ ni, mo ti tẹ bíréèkì, ọ̀kadà ti dúró. Mo fi Ọlọ́run búra, ẹsẹ̀ mi ti ṣiṣẹ́ kí ọkàn mi tó sọ pé ọmọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ojú ló ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ tààrà, pé ọpọlọ ò dá sí i rárá torí ó máa ń pẹ́. Èkejì ní ọpọlọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, pé kámẹ́rà lásán ni ojú.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, òjò ń rọ̀ lálẹ́, mò ń gba Ògo-Olúwa bọ̀, mo rí nǹkan dúdú kan lójú títì, mò ń wò ó, mò ń wò ó, mi ò mọ̀ bóyá àpò ni àbí ẹran, títí mo fi gùn ún lórí tí mo ṣubú. Àpò ni. Ojú kan náà, orí kan náà. Kí ló dé tó fi yára lọ́jọ́ kan, tó wá gọ̀ lọ́jọ́ kejì?

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Ẹ kú ewu o, bọ̀ọ̀dá. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ọpọlọ sì ni mo máa ń kà jù tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbà á tán. Ẹni tó ní ojú ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ tààrà, irú èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ bá kan ìkòkò gbígbóná ló ń rò. Ìyẹn, lóòótọ́, nẹ́ẹ̀fù (okùn tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara) inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń dá a ṣe, ọwọ́ á ti fà sẹ́yìn kí ìròyìn tó dé ọpọlọ. Ojú ò ní irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ohunkóhun tí ojú bá rí, inú orí ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ẹni tó ní kámẹ́rà lásán ni ojú náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 100, ṣùgbọ́n okùn nẹ́ẹ̀fù tó ń gbé ìròyìn jáde nínú ojú náà lọ sí ọpọlọ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ ò rí i pé inú ojú gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, tí wọ́n ti ń gé e kúrú. Ohun tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ jù ni ibi tí nǹkan ti yàtọ̀, ibi tí òkùnkùn ti pàdé ìmọ́lẹ̀, ibi tí nǹkan ti ń mira. Ó gba àárín orí kọjá, ó wá bọ́ sí ìpàkọ́, ibẹ̀ ni ìríran ti ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa nínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fara pa níbẹ̀ fi lè má ríran mọ́, tí ojú ẹ̀ méjèèjì ò sì ní àbùkù kankan.

Àárín ojú nìkan ló tún ń ríran kedere o. Ẹ na apá yín síwájú, ẹ wo èékánná àtàǹpàkò yín: ibi tí ojú yín ti mú ṣáṣá lẹ́ẹ̀kan náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ò lè ka ìwé, kò lè dá ojú èèyàn mọ̀, àmọ́ jẹ́ kí nǹkan mira níbẹ̀, kíá ló ti mọ̀. Ọ̀nà kan sì wà tó gba ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ, ọ̀nà àtijọ́ tí ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá ní irú ẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tètè yí ojú àti orí síbi tí nǹkan ti ń bọ̀. Ọmọ tó gbé omi yẹn, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti já wọlé. Ọpọlọ yín mọ̀ pé nǹkan kan ti ń wọ ojú ọ̀nà yín, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ kó tó mọ orúkọ nǹkan ọ̀hún. Nítorí náà ọpọlọ yín ló tẹ bíréèkì. "Ọmọ ni" ló dé lẹ́yìn.

* * *

Ọmọ_Òròkí:

Tíṣà, ọpọlọ mà yára nìyẹn. Ṣebí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń sáré nínú ẹ̀, bí èèyàn bá ṣe ń tan súwíìṣì báyìí náà ni.

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Rárá o, ẹ má jẹ́ ká gbé e ga jù. Àwọn ará ayé àtijọ́ náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Hermann von Helmholtz ní Jámánì wọn eré nẹ́ẹ̀fù ní 1850 lára ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, tó rí i pé nǹkan bíi mítà 27 ni ìròyìn ń sá ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Nẹ́ẹ̀fù tó yára jù lára èèyàn lè sá bíi mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti inú wáyà rárá.

Tí wọ́n bá ní kí èèyàn kàn tẹ bọ́tìnì kan tó bá ti rí iná, tó sì ti múra sílẹ̀ dè é, ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́kọ́ǹdì ló máa gbà á, tàbí kó dín díẹ̀. Ti etí yára ju ti ojú lọ ní ìwọ̀nba. Ẹni tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 14 ló ń lọ ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn nìkan, ó ti lọ mítà mẹ́ta ààbọ̀. Títì ò sì dà bí inú ilé ìwádìí, ẹni tí ò retí nǹkan lè lo odidi sẹ́kọ́ǹdì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì. Ìyẹn mítà 14, ọ̀kadà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Mò ń bọ̀ sórí ìbéèrè kejì báyìí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé a máa kọ́kọ́ ríran tán, a ó wá ronú, a ó wá pinnu, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 1989, William Newsome àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀bọ síwájú kiní kan bíi tẹlifíṣọ̀n, àmì tó-tò-tó kún ojú ẹ̀, wọ́n ń ta káàkiri, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń lọ síbì kan náà. Ọ̀bọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ojú ló fi ń sọ ọ́, ibi tó bá yíjú sí ni ìdáhùn ẹ̀, tó bá gbà á wọ́n á fún un ní nǹkan mu. Nígbà míì àwọn tó ń lọ síbì kan náà pọ̀, ó rọrùn. Nígbà míì wọn ò tó nǹkan, àfi kó máa fojú wá a.

Apá kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MT, ìhà tí nǹkan ń lọ ni sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ mọ̀. Èyí tó fẹ́ràn òkè á máa pariwo, ìyẹn ni pé á máa ta iná kékeré léraléra, tí nǹkan bá ń lọ sókè, èyí tó fẹ́ràn ìsàlẹ̀ náà lọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ ìdáhùn bí odidi ọ̀bọ ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di 1990, wọ́n fi iná kékeré ru àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sókè, ọ̀bọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìhà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fẹ́, kódà nígbà tí àmì ojú tẹlifíṣọ̀n ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìpinnu wá yí padà láìjẹ́ pé ohun tó wà níta yí padà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ìyẹn kà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Newsome àti Michael Shadlen lọ wo apá míì tí wọ́n ń pè ní LIP, tó wà láàárín ìríran àti yíyí ojú. Níbẹ̀, ariwo sẹ́ẹ̀lì kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló ń gorí ara wọn. Tí àmì bá hàn kedere, ó ń gòkè kíákíá. Tí ò bá hàn, ó ń rá pálá. Tó bá sì ti dé ìwọ̀n kan, ọ̀bọ á yíjú, ó ti pinnu nìyẹn. Ẹ máa wò ó bíi kẹ́ẹ̀gì méjì tí wọ́n ń bu omi sí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ kún ló borí. Roger Ratcliff ti fi ìṣirò gbé irú nǹkan báyìí kalẹ̀ láti 1978, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì rí i nínú ọpọlọ, ìṣirò ẹ̀ sì bá àsìkò tí èèyàn fi ń dáhùn mu, ìdáhùn tó gbà á àti èyí tó kùnà.

Ẹ wá gbé ìyẹn sórí ọ̀rọ̀ yín. Lábẹ́ bíríìjì Ọlàìyá, ìbéèrè tó wà níwájú ọpọlọ yín kéré: ṣé nǹkan ń bọ̀ lọ́nà mi àbí kò sí? Ẹ̀rí ẹ̀ pọ̀, nǹkan ń mira, ó ń tóbi sí i, kẹ́ẹ̀gì kún wàrà. Ní Ògo-Olúwa, nǹkan yẹn ò mira. Òjò wà lójú gíláàsì àṣíborí, iná mọ́tò tó ń bọ̀ ń tàn sínú omi títì, ẹ̀rí tó ń wọlé ti dàrú. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ ti pààrọ̀ ìbéèrè. Ẹ ń béèrè pé àpò ni àbí ẹran, nígbà tó jẹ́ pé yálà àpò ni o, yálà ẹran ni o, ẹ ò lè gùn ún lórí. Ìbéèrè tó ṣòro ni ẹ gbé fún ẹ̀rí tí kò tó, àsìkò tó yẹ kí ẹ fi dín eré kù ni ẹ fi ń wá orúkọ ẹ̀.

* * *

Ọmọ_ÒkèBáálẹ̀:

Háà. Tíṣà, ẹ ṣé gan-an ni, lóòótọ́ orúkọ ẹ̀ ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ní kí n máa tẹ bíréèkì fún gbogbo nǹkan dúdú, máa pa ara mi ni. Ní Òkè-Fíà níbẹ̀ yẹn, ọ̀rá dúdú, ojú kòtò, omi dídúró, gbogbo ẹ̀ ló dúdú lálẹ́. Èrò á gbá mi lẹ́yìn, mọ́tò tó wà lẹ́yìn á gbá àwa méjèèjì. Ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn kì í tẹ bíréèkì ní ìtẹ̀kutẹ̀.

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Ẹ gbà á, ibẹ̀ ló sì le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àṣìṣe oríṣi méjì ló wà. Kí nǹkan má sí níbẹ̀ kí ẹ dúró, kí nǹkan wà níbẹ̀ kí ẹ má dúró. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń wo rédà bá ìṣòro yìí pàdé: àmì iná kékeré kan yọ lójú rédà, ṣé ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ni àbí ẹyẹ? Tí wọ́n bá ń fa gbogbo ẹ̀ sí ọ̀tá, ìlú ò ní sùn. Tí wọ́n bá ń fojú fò ó, bọ́ǹbù á já lu ilé. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá gbé ìṣirò yẹn wá sórí ọ̀rọ̀ èèyàn ní àwọn ọdún 1950, ohun tó sì fi hàn ni pé tí ẹ bá kàn sún ìwọ̀n yín sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀kan nínú àṣìṣe méjèèjì á dín, èkejì á pọ̀ sí i. Kò sí bí ẹ ṣe lè sún un tí méjèèjì á dín pa pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dín méjèèjì kù ni kí ẹ̀rí pọ̀ sí i. Ẹ ò ní láti ki bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹ dín eré kù. Tí iná ọ̀kadà yín bá ń ríran dé mítà 30, ní 50 kìlómítà ní wákàtí, sẹ́kọ́ǹdì méjì ó lé díẹ̀ ni ẹ ní láti ìgbà tí nǹkan bá yọ sínú iná títí tí ẹ fi máa dé orí ẹ̀. Ní 30, ẹ ní sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta ààbọ̀ ó lé. Sẹ́kọ́ǹdì tó lé yẹn ni ọpọlọ á fi máa kó ẹ̀rí jọ, àti pé tó bá ṣì ì mú, ẹsẹ̀ ṣì lè tún un ṣe.

Ti èrò ẹ̀yìn náà ẹ má fojú fo òun. "Ẹ yára, mo ti pẹ́ o" yẹn ń ṣe nǹkan lórí èèyàn. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n bá ní kí èèyàn yára, ojú ẹ̀ ò ní ríran sí i, ìwọ̀n tó ń dúró dè ló máa já wálẹ̀, ẹ̀rí díẹ̀ á ti tó o, àṣìṣe á sì pọ̀. Nítorí náà tí wọ́n bá ń pariwo lẹ́yìn yín lálẹ́ òjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

* * *

Ìyá_Aláró:

Tíṣà, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Aró ni mò ń rẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láti kékeré, òun náà ni ìyá mi rẹ, ẹ ṣáà mọ̀ pé Òṣogbo ni wọ́n ń kì ní ìlú aró, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun. Tí mo bá ṣí ìkòkò, imú mi ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi, òórùn èyí tó ti jinná yàtọ̀ sí ti èyí tó ti kú. Máa wo ìfóòfó orí ẹ̀, bó ṣe ń dán bíi bàbà. Máa ti ìka bọ̀ ọ́, tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, omi eérú ti tó. Ìgbà míì máa fi kan ahọ́n. Tí mo bá sì ti aṣọ bọ̀ ọ́ tí mo fà á yọ, ó máa kọ́kọ́ rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i tó dúdú. Mi ò kì í jókòó rò ó. Ó máa ń wá fúnra ẹ̀. Àwa ń sọ pé Ìyá Màpó, òrìṣà àwa aláró, ló ń fúnni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ojú mi ló máa ń wò, kò lè dá a mọ̀. Ṣé ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n ni àbí orí mi?

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Màámi, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Inú mi dùn púpọ̀ sí ohun tí ẹ kọ yìí.

Ọwọ́ ń mú un wá, imú ń mú un wá, ojú ń mú un wá, ọpọlọ ló ń pò ó pọ̀. Kì í sì í pò ó dọ́gba. Ní 2002, Marc Ernst àti Martin Banks ní kí èèyàn fi ojú àti ọwọ́ wọn bí nǹkan ṣe ga tó, wọ́n wá ń ba ohun tí ojú ń rí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ìríran ṣe ń dàrú, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń gba ti ojú gbọ́ díẹ̀, tó ń gba ti ọwọ́ gbọ́ sí i, ó sì sún mọ́ ohun tí ìṣirò sọ pé ó dára jù gan-an ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Mo lérò pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìfóòfó ò hàn dáadáa mọ́, imú àti ìka yín lẹ máa gbọ́kàn lé, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti yí i padà.

Ìpòpọ̀ yẹn máa ń ṣẹlẹ̀ kí a tó mọ̀. Harry McGurk àti John MacDonald fi han ayé ní 1976: wọ́n fi ohùn tó ń sọ "ba" sí ara ẹnu tó ń sọ "ga", àwọn tó ń wò ó gbọ́ "da". Tí wọ́n bá dijú, "ba" ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ bá wọn jiyàn títí, tí wọ́n bá tún lajú, "da" náà ni.

Ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó lè wúlò. Wolfram Schultz wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ, ìwé tí òun, Peter Dayan àti Read Montague kọ jáde ní 1997. Ohun tó ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sókè kì í ṣe èrè fúnra ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ọ̀bọ ń retí àti ohun tó rí gbà ni. Tí èrè bá dé bó ṣe retí ẹ̀, wọn ò mira. Tí ohun tó ń retí ò bá dé, wọ́n á dákẹ́ lọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wọlé nìyẹn. Ọmọ tó bá ń wo ojú yín ò retí nǹkan kan, ó ń dúró de ìdáhùn yín ni. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn ẹ̀, kó fọwọ́ kàn án, kó sọ tẹnu ẹ̀ jáde kí ẹ tó sọ ti yín: "ó ti jinná" tàbí "kò tíì jinná". Kó ti aṣọ péńpé kan bọ̀ ọ́ kó fojú ara ẹ̀ rí ibi tó kù sí. Mo mọ̀ pé aró wọ́n, ṣùgbọ́n ìkòkò kékeré kan tó.

* * *

Ọmọ_Stédíọ̀m:

Ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Ti gólì tó ń ṣọ́lé nígbà pẹnátì ńkọ́? Àwa tá a máa ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran, gbogbo ìgbà là ń bú gólì pé ó fò sí òsì nígbà tí bọ́ọ̀lù gba àárín. Ṣé kò ríran ni?

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Àsìkò ni ò sí. Mítà 11 ni láti ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹnátì dé ojú ilé. Bọ́ọ̀lù tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí á dé láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ yọ àsìkò tí ọpọlọ fi ń gba ìròyìn, ẹ yọ àsìkò tí èèyàn gíga fi ń fò dé ẹ̀gbẹ́ òpó, kò kù nǹkan kan. Ó ní láti pinnu láti ara ẹ̀rí tó wá ṣáájú: bí atàbọ́ọ̀lù ṣe sáré wá, ibi tí ẹsẹ̀ kejì ẹ̀ dojú kọ, bó ṣe tẹ ìbàdí. Ní 2007, Michael Bar-Eli àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo pẹnátì 286, wọ́n ní ì bá sàn fún gólì kó dúró sáàárín ju bó ṣe ń dúró lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ dúró, torí tí wọ́n bá gbá a wọlé nígbà tó dúró lójú kan, ó máa dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ rí i pé ohun tí aráyé máa sọ náà wọnú ìṣirò yẹn.

* * *

Ọmọ_Òròkí:

Èmi ń bọ̀ padà o. Mo kà á níbì kan pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ rí i pé ọpọlọ ti pinnu kí èèyàn tó mọ̀ pé òun pinnu. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbá èèyàn lójú títì á ní kì í ṣe òun, ọpọlọ òun ni. Kí la wá fẹ́ mú un fún?

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Benjamin Libet ló ṣe ìyẹn, 1983. Ó ní kí èèyàn mi ọrùn ọwọ́ nígbà tó bá wù ú, kó sì máa wo ibi tí aago wà nígbà tó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń wu òun. Iná ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní nǹkan bí ìdajì sẹ́kọ́ǹdì kí ọwọ́ tó mira, ẹni náà sì ń sọ pé òun mọ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdì ṣáájú.

Mi ò fara mọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Mímú ọwọ́ mira nígbà tó bá wù ẹ́, kò sí ẹ̀rí kankan níta, kò sí ìdí láti mi ín nísinsìnyí ju lẹ́yìn yẹn lọ. Aaron Schurger àtàwọn kan wá sọ ní 2012 pé iná tó ń gòkè yẹn lè jẹ́ ariwo ọpọlọ lásán tó ń lọ sókè sódò títí tó fi ṣèèṣì kan ìwọ̀n. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ìpinnu kankan nílẹ̀ ní ìdajì sẹ́kọ́ǹdì yẹn. Àti pé ẹni tó gbá èèyàn, kí ló fà á? Eré tó ń sá, ọtí tó mu, iná ọ̀kadà tó ti kú tí kò tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ ló ti pinnu láti àárọ̀, ó sì ní gbogbo ọjọ́ láti rò ó. Ọpọlọ ẹ̀, òun náà ni.

* * *

Bàbá_Kékeré:

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń dá ara yín láàmú. Orí ẹni ló ń gbani. Orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀. Orí ọmọ tó gbé omi yẹn ló ní kó má kú.

Tíṣà_Báyọ́:

Ẹ kú àgbà, bàbá. Mi ò bá orí jiyàn láé. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí orí ọmọ yẹn rí ọ̀kadà tó ń sá 30 dípò 50 bá ṣiṣẹ́.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ìwé kan tí mo kà sọ pé LIP yẹn gan-an ni ibùdó ìpinnu nínú ọpọlọ. Ṣé ká kúkú máa sọ bẹ́ẹ̀?

Tíṣà_Báyọ́:

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o. Ní 2016, Leor Katz àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é pa apá LIP náà ní kẹ́kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú ọ̀bọ tó ń ṣe iṣẹ́ àmì yẹn. Ìpinnu ọ̀bọ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nígbà tí wọ́n pa MT ní kẹ́kẹ́, ó dàrú gidi gan-an. Ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń wo LIP bí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń parí. Kí sẹ́ẹ̀lì kan máa fi ìpinnu hàn yàtọ̀ sí kó jẹ́ òun ló ń ṣe é.

Èyí tó tún tóbi jù dé ní 2025. Ilé ìwádìí 12 kó iṣẹ́ jọ lábẹ́ International Brain Laboratory, wọ́n kọ́ eku 139 láti máa fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan síbi tó bá yẹ tí àwòrán bá yọ lápá ọ̀tún tàbí òsì, wọ́n sì gbọ́ ariwo sẹ́ẹ̀lì tó lé ní 600,000 ní apá 279 nínú ọpọlọ. Wọ́n rí àmì ìpinnu káàkiri. Kì í ṣe ibì kan ló ń jókòó bí adájọ́ tí àwọn tó kù ń jábọ̀ fún. Kódà, ohun tí eku náà ń retí kí àwòrán tó yọ hàn káàkiri ọpọlọ, títí kan àwọn ibi tó kọ́kọ́ ń gba ìròyìn láti ojú. Nítorí náà ẹni tó ń retí ọmọ lábẹ́ bíríìjì, ojú ẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ẹni tí ò retí ẹ̀ kí ọmọ tó yọ.

* * *

Ọmọ_ÒkèBáálẹ̀:

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn kan ní páàkì máa ń mu paraga lálẹ́, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ojú là kí ọwọ́ sì yá. Òótọ́ ni?

* * *

Tíṣà_Báyọ́:

Irọ́ ni. Ọtí máa ń mú kí ìdáhùn pẹ́ ni, ó sì ń mú kí èèyàn rò pé òun ń ṣe dáadáa ju bó ṣe ń ṣe lọ. Ìyẹn léwu, torí ẹni tó mọ̀ pé ojú òun ti wúwo á rọra.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa àìsùn náà, torí ẹ̀yin tí ẹ ò mutí máa ń rò pé kò kàn yín. Drew Dawson àti Kathryn Reid ní Ọsirélíà dán an wò ní 1997, ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí òfin fi ń mú awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹni tó jí ní aago márùn-ún ìdájí láti tètè gbé àwọn ọmọ iléèwé, nígbà tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti pé. Tí òjò bá wá ń rọ̀ lé e, ẹ gbé èrò tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, kí ẹ máa lọlé. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra gíláàsì àṣíborí tuntun, ẹ wá èyí tí nǹkan ò tíì ha lójú, torí iná mọ́tò tó ń bọ̀ máa ń fọ́n káàkiri lójú gíláàsì tí nǹkan ti ha, nǹkan dúdú tó wà nílẹ̀ ò sì ní hàn rárá.